Ẹ Kọ Orúkọ Yín sí Ara Ìgò: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Alágbo àti Oníṣègùn Wa ní Sókótó

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú kálàmù. Ẹni tí yóò bá bínú, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́kọ́ kà á tán. Gbogbo yín ni ẹ rántí ìpàdé wa tí ó kọjá. Nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ àgbo àti àwọn tí ń tà á, ariwo sọ, àwọn kan dìde dúró, alága lu agogo títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé, ohun tí mo rí kọ sínú ìwé ìpàdé kò ju ìlà kan lọ: «A sọ̀rọ̀ lórí àgbo, ariwo pọ̀, a sún un síwájú.» Nígbà tí mo délé tí mo kà á, ojú tì mí. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú ìwé ìpàdé, nítorí náà ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ ti èmi fúnra mi wá sí inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ọ̀dọ̀ ara mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé gààrí, epo pupa, èlùbọ́ àti èlò ọbẹ̀ ilé ni mo ń tà. Lọ́rì tí ń kó ẹrù wọ̀nyí wá láti ìlú wa, òun náà ni ó ń kó ewé, egbò, èèpo igi àti àgúnmu wá fún àwọn lẹ́kulẹ́ja wa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ń fi mọ́tò kiri dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú páálí ìgò. Ó ní oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ní ó ń wo ẹ̀yìn dídùn, ó ń wo ibà, ó ń wẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Èrè orí rẹ̀ dára ju ti gààrí lọ. Mo gbà á, mo tò ó sórí àtẹ, mo sì ń tà á. Ìwé ara ìgò náà ní àwòrán kìnnìún, ó ní orúkọ oògùn, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é, kò ní orúkọ ìlú tí ó ti wá, kò sì ní nọ́ńbà kankan. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, tí mo lè ka ìwé ara ìgò, n kò béèrè.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ ṣùgbọ́n tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí ìdílé rẹ̀, ń ra oògùn yìí lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó ní oògùn náà ń ṣiṣẹ́ fún òun gan-an, pé bí òun bá mu ún lálẹ́, ìrora á lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ń mu ún fún bí oṣù márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú, ojú rẹ̀ wú, ìtọ̀ kò jáde bí ó ti yẹ mọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà, ọmọ Hausa kan tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń kú. Ó béèrè ohun tí ó ń lò. Ìyàwó rẹ̀ mú ìgò náà jáde nínú àpò. Dókítà yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wá bi wá pé, «Kí ni ó wà nínú rẹ̀?»

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ wo ojú mi, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni ó ti wá. Mo pe nọ́ńbà fóònù ọkùnrin onímọ́tò yẹn, kò lọ. Mo pè é títí di ọjọ́ kejì, kò lọ. Wọ́n fi ọkùnrin náà sára ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ta ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹgbẹ́ dáwó, àwọn ará ilé fi owó ránṣẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, a sin ín. Kí n má purọ́ mọ́ ìgò náà: dókítà kò sọ pé òun ni ó pa á. Ọkùnrin náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Ohun tí dókítà sọ ni pé òun kò mọ̀, òun kò sì lè mọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó wà nínú ìgò fún òun. Títí di òní, bí mo bá pàdé opó náà ní ọjà, mo ń kí i, ó ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n n kò lè dúró pẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń jà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé akọ̀wé ti di ọ̀tá àgbo. Ìyá mi fi àgbo tọ́ mi, mo sì fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé àgbo tí kò ní orúkọ ẹni tí ó sè é kò yẹ kí ó kúrò lójú ààrò tí a ti sè é.

Àwọn èèyàn wa nílé a máa fi òwe kan dá wa lára yá: ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Àwa rèé tí a ti dé Sókótó. Ó yẹ kí a ti ọwọ́ bọ àpò wò. Ní ti ewé àti egbò, ọrọ̀ tí ó wà nínú àpò yẹn pọ̀, gbogbo ayé ni ó sì ń wá irú rẹ̀ kiri. Láti 1978, ní ìpàdé Alma-Ata, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní ipa tiwọn nínú ìtọ́jú aráyé. Ní 2025, àjọ kan náà fọwọ́ sí ètò tuntun lórí ìṣègùn ìbílẹ̀, èyí tí yóò lọ títí di 2034. Ilẹ̀ Íńdíà dá iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ìṣègùn wọn ní 2014, tí ó ní mínísítà tirẹ̀. Ní Gánà, nítòsí wa níbí, ilé ìwádìí ewé ti wà ní Mampong láti 1975, wọ́n ṣe òfin fún àwọn oníṣègùn wọn ní 2000, yunifásítì wọn ní Kumasi ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní oyè nínú ìṣègùn ewé, wọ́n sì ti fún oníṣègùn ewé ní yàrá tirẹ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kan.

Nàìjíríà náà kò sùn tán. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí ń rí sí ìdàgbàsókè ìṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní 1997, ó sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún un ní ilé iṣẹ́ ìlera ní 2018. Ní Ewu, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi ara wọn fún Ọlọ́run nínú ilé àdúrà Kátólíìkì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe oògùn ewé ní 1996. Lónìí ilé iṣẹ́ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ń jẹun níbẹ̀, oògùn wọn ní nọ́ńbà NAFDAC, a sì ń rí i rà títí dé òkè ọya. Ewé kan náà tí àwọn ìyá wa mọ̀ ni wọ́n ń lò. Kí ni wọ́n fi jù wá lọ? Wọ́n ń wọn ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọmọ wa kan tí ó ti mọ àṣírí yìí ní nǹkan tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Jacob Odùlàtẹ́, ọmọ Ìkòròdú tí ó tẹ̀ dó sí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ oògùn Alábùkún ní 1918. Kì í ṣe àgbo, oògùn ẹlẹ́bu ti ìgbàlódé ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n rẹ̀: orúkọ ara rẹ̀ ni ó fi sọ oògùn, ó ń dì í ní ìwọ̀n kan náà, ẹni tí ó rà á lánàá mọ ohun tí òun yóò rà lọ́la. Odùlàtẹ́ ti kú tipẹ́, Alábùkún ṣì wà lórí àtẹ mi níhìn-ín. Oníṣòwò wo ni kò fẹ́ irú èyí fún ọmọ rẹ̀?

Mo sì fẹ́ sọ ìtàn kejì, nítorí òun ni ó kàn wá jù. Gbogbo wa mọ àrùn fònikú-fọ̀ladìde, tí ń dá ọmọ lóró láti kékeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, oníṣègùn kan tí í ṣe ọmọ Yorùbá, Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì P. O. Ògúnyalé, mú oògùn tí ó ń lò fún àrùn náà lọ sí NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Àbújà, ó sì bá wọn ṣe àdéhùn. Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Ewé ọkà bàbà, ẹ̀yin ará! Èyí tí àwọn Hausa ń pè ní dáwà, tí ewúrẹ́ ń jẹ kiri lẹ́bàá oko yí Sókótó ká. Àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n rí i pé ó ń dín ìrora náà kù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní Amẹ́ríkà ní 1998. Wọ́n fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Xechem ní àyè láti máa ṣe é, nígbà tí ó sì di July 2006, a ṣí i ní gbangba ní Àbújà pẹ̀lú orúkọ NICOSAN. Ṣùgbọ́n ní 2008 Xechem jẹ gbèsè wọlé, oògùn náà sì di ohun tí aláìsàn ń wá tí kò rí.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Èkínní ni pé nítorí pé Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì náà gbà kí a kọ oògùn rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò parẹ́, ìmọ̀ rẹ̀ kò sì bá a wọ ilẹ̀. Èkejì ni pé oògùn tí a kọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí owó wa nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí olówó bá ṣubú ni òun náà ń ṣubú. Nítorí náà kíkọ sílẹ̀ nìkan kò tó, a gbọ́dọ̀ jọ ní in.

Nísinsìnyí kí n dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Àwọn ni èmi bá ń jà, kì í ṣe àwọn ìyá tí ń ta àgbo ọmọ lójú títì.

Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri. Oògùn kan ṣoṣo, ó wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó wo àtọ̀sí, ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó wo àtọ̀gbẹ, ó wo àìríbí, ó wo ojú tí kò ríran dáadáa. Kí ni kò wò? Ebi tí ń pa ẹni tí ń tà á nìkan ni. Oníṣègùn gidi tí a mọ̀ nílé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò bi ọ́ léèrè bí o ti sùn, bí o ti tọ̀, ohun tí o jẹ àti irú àìsàn tí ń ṣe bàbá rẹ, kí ó tó já ewé kan. Ẹni tí kò rí ojú aláìsàn tí ó ti mọ oògùn rẹ̀, ọjà ni ó ń ná, kì í ṣe ìwòsàn ni ó ń ṣe.

Àwọn kejì burú jù wọ́n lọ. Àwọn ni wọ́n ń lọ ra oògùn òyìnbó ní kẹ́míìsì, èyí tí ń pa ìrora àti èyí tí ń mú ara wú bí ẹni pé ó sanra, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ àgúnmu, wọ́n á ní agbára ewé ni. Ní ilẹ̀ púpọ̀ lágbàáyé ni àwọn aláyẹ̀wò ti bá irú àbùlà yìí nínú oògùn tí a pè ní ewé pọ́ńbélé. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìrora ọdún mẹ́wàá lọ ní òru ọjọ́ kan, ẹ fura. Èmi kò fura ní ti tèmi. Ẹ ti gbọ́ ibi tí ó yọrí sí.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ orúkọ ewé, èyí kan àwa tí a wà ní ilẹ̀ Hausa ju àwọn ará ilé lọ. Ìyá alágbo wa lọ sí ọjà, ó fẹ́ ra bọ́ọ̀nì, ọmọ Hausa tí ń tà á ní bagaruwa ni. Ó fẹ́ ewúro, wọ́n ní shuwaka. Èyí rọrùn, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ewé àti egbò mìíràn wà tí kò sí nílé wa rárá, bí sabara, tí ẹlòmíràn ń fi dípò ohun tí kò rí, nítorí pé wọ́n jọ ara wọn tàbí pé orúkọ wọn súnmọ́ra. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Belgium ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ilé ìtọ́jú kan ní Brussels ń fún àwọn obìnrin tí ó fẹ́ fọn ní ewé àti egbò ilẹ̀ Ṣáínà. Egbò méjì wà tí orúkọ wọn jọra ní èdè Ṣáínà. A gbé ọ̀kan dípò èkejì. Àwọn obìnrin tí ó lé ní 100 ni kíndìnrín wọn bàjẹ́, àwọn mìíràn sì ní àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn náà. Orúkọ lásán ni a ṣì pè! Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí ó kún fún dókítà, kí ni yóò gbà wá nínú ọjà Sókótó tí a ń fi èdè méjì ra ewé?

Ó tó àkókò kí n dá àwọn tí wọ́n takò mí lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Bàbá wa kan dìde ní ìpàdé, ó ní àwọn bàbá ńlá wa kò kọ oògùn sílẹ̀, wọ́n sì gbó, wọ́n tọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n mo ní èsì. Ní ayé àwọn bàbá ńlá wa, ẹni tí ó se àgbo àti ẹni tí ó mu ún, àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí ó bá ṣe ọmọ ẹlòmíràn ní ibi, ilẹ̀ kò ní ṣú kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ojú ni ìwé wọn nígbà náà. Lónìí wọ́n ń se àgbo ní Ìbàdàn, lọ́rì gbé e dé Sókótó, ẹlòmíràn gbé e dé Illela, ó sọdá sí ilẹ̀ Niger. Ta ni yóò rìn padà dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó sè é? Bí ojú kò bá lè bá oògùn rìn, orúkọ ni ó yẹ kí ó bá a rìn.

Ẹlòmíràn ní bí òun bá kọ ohun tí ó wà nínú oògùn òun, wọn yóò jí i. Ẹ̀rù yìí tọ́, n kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a ní kí ẹ kọ sára ìgò, kì í ṣe bí ẹ ti ń pò ó àti iye ìgbà tí ẹ ń sè é. Gbogbo obìnrin ni ó mọ̀ pé ata, epo àti iyọ̀ ni ó wà nínú ọbẹ̀, síbẹ̀ ọbẹ̀ ìyá kan kì í dùn bí ti èkejì. Tu Youyou, obìnrin ilẹ̀ Ṣáínà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015 nítorí oògùn ibà, inú ìwé àtijọ́ ni ó ti rí ewé rẹ̀. Ìwé náà ní kí a rẹ ewé sínú omi kí a sì fún un, kò ní kí a sè é. Láti ibẹ̀ ni ó ti ronú pé iná ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n fi í pamọ́ bo ọmọ aráyé, inú sàréè ni ìmọ̀ náà ìbá wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa á mọ́, mélòó nínú yín ni ó ti kọ́ ọmọ yín? Àwọn ọmọ yín ń ta fóònù. Bí ẹ bá kú lọ́la, kò sí olè tí yóò jí oògùn yín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò jogún rẹ̀.

Àwọn kan ní àwọn elétò ìlera kò ka oníṣègùn ìbílẹ̀ sí, pé wọ́n ń jágbe mọ́ àwọn ìyá wa bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ mu àgbo. Òótọ́ ni, mo ti rí i, kò sì dára. Nítorí ìjágbe yẹn ni àwọn ìyá ṣe ń purọ́ fún dókítà, irọ́ náà sì lè pa ọmọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo dókítà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1954, ní Arò, ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ tí ó gboyè ní ìlú òyìnbó, pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá òun ṣiṣẹ́. Ó fi àwọn aláìsàn sí àárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ayé sì wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú Sókótó wa yìí náà, ẹni tí egungun rẹ̀ bá dá mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn egungun tí ó wà ní Wamakko, bẹ́ẹ̀ ni ó sì mọ ọ̀nà ilé mádóórì Hausa tí ń to egungun. Ohun tí ó kù ni kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn láti fi pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé oògùn òyìnbó náà ń pa èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni! Ní 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí a ṣe ní Nàìjíríà, tí májèlé ti wọ inú rẹ̀, pa ọmọ tí ó lé ní 80. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a parí ìtàn náà. Nítorí pé ìgò náà ní orúkọ, ó sì ní nọ́ńbà, NAFDAC tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ilé iṣẹ́ tí ó ti jáde, wọ́n tì í pa, wọ́n kó èyí tí ó kù lórí àtẹ, wọ́n sì gbé àwọn tí ọ̀ràn kàn lọ sí ilé ẹjọ́. Ìgò tí mo tà fún ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Ta ni a óò mú? Èmi nìkan ni a rí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ nípa nọ́ńbà NAFDAC o. Nọ́ńbà tí wọ́n ń fún oògùn ewé kò fi hàn pé ìjọba ti jẹ́rìí pé ó ń wo àrùn. Wọ́n tilẹ̀ ń mú kí a kọ ọ́ sára ìgò pé àwọn kò yẹ ọ̀rọ̀ ìwòsàn náà wò. Ohun tí nọ́ńbà ń sọ ni pé a mọ ẹni tí ó ṣe é, a mọ ibi tí ó ti ṣe é, a sì ti wò ó bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Ọdún méjì ni ó ń lò kí a tó tún un ṣe. Nítorí náà ẹni tí ó ní nọ́ńbà tí ó tún ń pariwo pé òun ń wo àtọ̀gbẹ, èké ni òun náà.

Mo mọ̀ pé ìyá tí ń ta àgbo nínú ike kò lè dá san owó tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà, kò sì ní yàrá mímọ́ tí wọn yóò wá wò. Ìdí nìyí tí a fi ní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó lè dáwó sin òkú, ṣé kò lè dáwó kí òkú má baà pọ̀? Ìmọ̀ràn tí n ó gbé ka iwájú ìpàdé gbogbogbò nìyí:

1. Kí akọ̀wé ṣí ìwé kan, kí gbogbo alágbo, lẹ́kulẹ́ja, oníṣègùn àti agbẹ̀bí wa ní Sókótó kọ orúkọ, àdúgbò àti irú iṣẹ́ wọn sínú rẹ̀. A kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn fún èyí.

2. Kí ó má sí ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò tún ta oògùn inú ìgò tí kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ibi tí ó ti ṣe é, ọjọ́ tí ó ṣe é àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ ewé ni kí a kọ ní Yorùbá àti ní Hausa.

3. Kí a dá ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kékeré kan sílẹ̀ láàárín àwọn alágbo, kí wọ́n gba yàrá kan, kí wọ́n jọ máa sè níbẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn kan ṣoṣo tí a óò mú lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tí ó wà nínú ìlú yìí. Kí èrè jẹ́ ti àwọn tí ó ni í, kí ó má bọ́ sọ́wọ́ àlejò.

4. Kí gbogbo wọn gbà pé àwọn àìsàn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́ ọwọ́ wọn: ibà ọmọdé tí ó mú gìrì dání, ọrùn tí ó le gan-an pẹ̀lú ibà ní àkókò ooru, ẹ̀jẹ̀ lára aboyún, ẹsẹ̀ tí ó wú, ìtọ̀ tí kò jáde. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oníṣègùn tí ó mọ ibi tí agbára òun mọ, òun ni a ń bu ọlá fún.

5. Kí ẹgbẹ́ rán àwọn àgbà mẹ́ta lọ bá àwọn olórí ilé ìwòsàn níhìn-ín, kí wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tí aláìsàn ti lò, kí àwọn ìyá wa má baà máa fi pamọ́.

Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé èmi ń bá òwò àwọn obìnrin jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́sẹ̀ tí a sin ọ̀rẹ́ mi ni mo kó gbogbo ìgò tí kò ní orúkọ kúrò lórí àtẹ. Mẹ́tàlélógún ni ó ṣẹ́kù. Mo da oògùn inú wọn sílẹ̀, mo fọ́ ìgò wọn, mo sì jẹ gbèsè rẹ̀. Mo fi ọ̀kan ṣoṣo pamọ́. Òun ni n ó gbé wá sí ìpàdé, n ó gbé e sórí tábìlì níwájú alága. Ẹni tí ó bá fẹ́ takò mí, kí ó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè dókítà yẹn: kí ni ó wà nínú rẹ̀?

Ẹ má jẹ́ kí ìpàdé náà kọjá lójú yín. Kí ìyá alágbo wá, kí lẹ́kulẹ́ja wá, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ ìwé wá bá wa kọ orúkọ. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wa sí. Àmín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ẹ̀ka Sókótó.